Abọ́ Méje Lórí Ẹní

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí iṣẹ́ àmúrelé ní Ṣakí níbí. N kò mọ̀wé o. Ràfíátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i jàre!

Lọ́jọ́ náà, oorun ń kùn mí lábẹ́ igi ẹ̀mí, igi òrí wa, ọyẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Bí Ràfíátù ṣe ti iléèwé dé nìyẹn. JSS 2 ló wà. Ó ní tíṣà ìṣirò àti tíṣà Yorùbá pa iṣẹ́ pọ̀: kí kálukú ka iye ọmọ tí ìyá kọ̀ọ̀kan bí nínú ilé wọn, kó fi ya àwòrán òpó-òpó, kó sì kọ àròkọ lé e lórí. Ló bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí!

Háà! Ṣé wọ́n ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Oorun dá lójú mi. Mo ní kó pa ìwé dé.

"Màmá, máàkì ni o!"

Mo ní kí máàkì náà lọ ka ọmọ ìyá tó bí i.

Nígbà tí Ràfíátù dé iléèwé lọ́jọ́ kejì, òdo ló gbà.

Bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀, ọmọ mi, ti wí pé bí ìṣirò bá tún gbé e ṣubú ní táàmù yìí, ó di ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì! Kò jẹun, kò bá mi sọ̀rọ̀. Àbí èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi yọ ọ́ kúrò nílé ìwé?

Ilẹ̀ mọ́, mo wé gèlè, ó di iléèwé. Tíṣà ìṣirò, ọmọ Àgọ́-Àrẹ kan báyìí, kúnlẹ̀ kí mi. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú ìṣirò yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà tòun náà ìbá lé òun jáde. Ó wá bi mí pé bí mo bá ń bu oúnjẹ, báwo ni mo ṣe ń mọ̀ pé ó kárí.

"Abọ́ ni mo ń kà ná!"

"Ẹ jẹ́ kó ka abọ́ nígbà náà, Màmá. Kó mú iṣẹ́ náà wá lọ́la."

Nírọ̀lẹ́, a tẹ́ ẹní sí àgbàlá, a gbé agbọ̀n abọ́ jáde. Abọ́ kan fún ọmọ kan. A to ti ìyá Ràfíátù, a to ti ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀. Ó kan tèmi. Mo gbé mẹ́rin kalẹ̀, àwọn mẹ́rin tó ń pè mí ní ìyá lónìí. Ọwọ́ mi kò dúró. Ó gbé ọ̀kan sí i. Ó tún gbé òmíràn. N kò rán an níṣẹ́ o! Nígbà tó fi máa sinmi, abọ́ ti di méje.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń wọ̀ kún inú wọn bí omi. Mo wá ń rí wọn, àwọn mẹ́ta tí n kò dárúkọ láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n: èyí tí mo bí ṣìkejì, èyí tó máa ń fọwọ́ òsì jẹun, èyí tí kò tíì rìn. Wọ́n jókòó ti abọ́ wọn, ara wọn dá ṣáṣá.

Ràfíátù rọra bi mí: "Màmá, mẹ́rin ni kí n kọ, àbí méje?"

Mo fọwọ́ kan abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà.

"Kọ méje."

Méjìdínlógún nínú ogún ló gbà! Bàbá rẹ̀ ní kó ka àròkọ náà sí òun létí. Nígbà tó dé orí òpó tèmi, ọkùnrin gìrìwò yẹn gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé mẹ́ta ṣáájú òun! Ó ní, "Màmá, kí lorúkọ wọn?" Mo dárúkọ wọn fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ rírán lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Èèwọ̀ wa dára, mo ṣì di tèmi mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá ọ̀nà tí ọmọ á gbà kàwé láì tẹ èèwọ̀ lójú. Ọ̀nà ọ̀hún lè mú àgbà pàápàá dé ibi tó ti ń sá fún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo ni ìwé ọmọ ti gbé yín dé tí ẹ kò ròtẹ́lẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, Ràfíátù á kà á fún mi. Bí ẹnì kan bá sì wà tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀ rí, ẹ dárúkọ rẹ̀ síbẹ̀. A ó gbọ́.