Katakata Pupa àti Igi Obì Ìyá Ọkọ Mi

Náírà kan ni wọ́n ń ta obì àbàtà olójú mẹ́rin lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn. Aṣọ ni mò ń tà nígbà náà ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo, ọkọ mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ baba rẹ̀ nítòsí Ìmẹ̀sí-Ilé, ilẹ̀ tí èèyàn máa rìn títí tí bàtà á fi bẹ̀bẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ la fẹ́ gbìn síbẹ̀. A kó gbogbo owó wa jọ láti fi ra katakata, nítorí bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá ilẹ̀ náà láìtú, ọdún yẹn ti bá omi lọ nìyẹn.

Ọkọ mi ní kékeré ló máa dára. Mo ní, "Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ìlú, ẹ fẹ́ fi ìjàpá tú u?" Ó kó owó lé mi lọ́wọ́. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ òṣómàáló máa ń mọ ìgbà tí yóò gbà. Bàbá mi wà lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ àwìn. Bí oníbàárà ò bá sanwó, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi san án.

Bí mo ṣe ń ra aṣọ ni mo ṣe lọ ra katakata ní Òkè-Fìà. Mo fọwọ́ pa á lára, mo fi èékánná ha ọ̀dà rẹ̀ wò. Pupa ni, taya ẹ̀yìn rẹ̀ ga jù mí lọ. Mo ní àwọ̀ rẹ̀ ò ní ṣá. Ẹni tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni.

Ọjọ́ tí katakata wọ abúlé, tọmọdé tàgbà tú jáde. Awakọ̀ wọnú oko, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Igi obì wà níwájú, ó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Ìyá ọkọ mi ló gbìn wọ́n nígbà tó wà níyàwó. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ lè jẹ́ tìrẹ kí igi orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan igi onígi. Katakata ò lè gba àárín igi méjì kọjá. Màmá ti gbé àpótí wá, ó jókòó sídìí igi.

"Ìyàwó, ibo ni màlúù pupa yìí máa gbà?"

"Màmá, bí a bá gé mẹ́ta péré—"

"Mẹ́ta wo? Ṣé èyí tí mo fi rán ọkọ ẹ níwèé ni, àbí èyí tí mo fi san ìdána ẹ? Ẹni tó máa ra ẹṣin, ṣé kò ní wo ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ ni?"

Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ju kí n bínú lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a wà á padà sí Òkè-Fìà. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní ọjà tóun bá ti tà kì í padà. Mo ní kò burú. Mo ká ìró sókè, mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bíi bàbá mi. Oníbàárà tó bá dé á ní, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan?" Èmi á ní, "Ẹ wọlé, ẹ lọ ra tiyín. Ẹ ṣáà rí i pé kò sígi lóko yín." Wọn á yí padà.

Ọkùnrin náà jáde wá. "Ìyá aláṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Orúnkún ò tíì dùn mí."

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fún wa ní kékeré, ó sì dá owó tó ṣẹ́kù padà, àfi èyí tó yọ pé taya ti jẹ. Ìjàpá ọkọ mi ń gba àárín igi obì bí ewúrẹ́ tó mọ ọjà, ilẹ̀ sì túká kí òjò tó rọ̀.

Màmá ti lọ, àwọn igi rẹ̀ ṣì ń so. Bí mo bá jẹ lára obì náà báyìí, mo máa ń rántí pé náírà kan ni ọ̀kan nígbà yẹn, mo sì máa ń ṣírò iye obì tó yẹ kí n jẹ kí n tó gba tèmi padà lọ́wọ́ ọkùnrin Òkè-Fìà. Ohun tó yọ lára owó mi jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà géérégé.