Awakọ̀ Tí Kì í Lo Fíríì Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1964 ni mo kọ́kọ́ pàdé Samson Ọmọ́tọ́ṣọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní Arámọkọ, mo sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń wà láti Iléṣà. Ó nu gíláàsì iwájú dáadáa kí ó tó jẹ́ kí a wọlé. Símẹ́ńtì ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Bàbá Ògúntóyè, ẹni tó ni ọkọ̀ náà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èmi wà láàrin àwọn méjèèjì.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé iṣẹ́ Samson ti fẹ́ bọ́. Bí àwọn awakọ̀ ìgbà náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n, wọ́n a ti jíà sí fíríì kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbà pé èyí ń dín dísẹ́ẹ̀lì tí ó ń mu kù. Samson kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jíà kékeré ló máa ń lò, ẹ́ńjìnnì a sì máa ké.

"Ṣé kìnnìún lo so mọ́ inú ẹ́ńjìnnì mi ni?" ni Bàbá wí bí a ti ń súnmọ́ òkè náà. "Gbogbo igbe yẹn, dísẹ́ẹ̀lì mi ni. Tí a bá délé lónìí, Bánkọ́lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà máa wo èéfín."

Bàbá yọrí síta. Bí a ti ń gun òkè, èéfín dúdú ń tú jáde. A kọjá Ẹ̀fọ̀n, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Samson fi í sí jíà kejì, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì ké, ṣùgbọ́n èéfín dá.

"Tísà, ẹ bá mi wò ó," ni Bàbá wí. "Àbí ojú mi ni?"

Mo na ọrùn. N kò rí èéfín kankan.

"Bí mo ti gbẹ́sẹ̀ yẹn, Bàbá, dísẹ́ẹ̀lì kò wọlé mọ́," ni Samson wí. "Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ló sì ń di ẹrù yìí mú, kí bíréèkì má baà gbóná jù."

Nígbà tí a dé ilẹ̀ títẹ́jú, ó dúró, ó ti jíà sí fíríì. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tún ń jáde.

"Ẹ rí i? Fíríì náà ń mu tirẹ̀."

Bàbá ń wo èéfín títí a fi dé Arámọkọ. Bánkọ́lé ti ń dúró lẹ́nu géètì ilé Bàbá.

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́," ni Bàbá sọ fún un. "Wá jókòó ti Samson lọ́la, kí o wo èéfín."

Ọdún márùn-ún rèé. Samson ni olórí awakọ̀ Bàbá Ògúntóyè, òun àti Lydia aya rẹ̀ sì ń gbé ní Arámọkọ.