Ewé Ara Òkúta

Gbogbo ewé tí Yèyé, ìyá bàbá mi, bá já lóko, ó gbọ́dọ̀ fi wé àmì ewé tó wà lára òkúta tí bàbá àgbà rù wá láti Lọ́kọ́ja. Àmì náà jọ ewé tó ń hù lára ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Òyìnbó tó wá wọn ilẹ̀ ní Ọ̀sì fẹ́ gba òkúta náà. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní irú ewé yìí ti tán láyé, Yèyé. Ẹ gbé e fún un."

Yèyé jókòó lé òkúta náà. "Bi í léèrè: ṣé ó ti wo gbogbo igbó wa tán ni?"

Lọ́jọ́ tí Yèyé kú, mo bá ewé tútù kan lórí òkúta náà. Kò bá a mu. Mo jù ú nù, mo mú àdá, mo wọ igbó.