Ohun tí Asansẹ́ẹ̀ Ń Sọ

Ilé tí mò ń gbé ní Williamsville kò ní òkè. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sọ pé òun ti rí ìyàwó, àti pé àjà kẹsàn-án ni àwọn òbí ọmọbìnrin náà ń gbé, n kò béèrè ọmọ ta ni. Mo ní, "Ṣé àtẹ̀gùn wà?"

Àtẹ̀gùn wà, orúnkún mi ni kò sí mọ́. Asansẹ́ẹ̀ ló kù, àpótí irin tí wọ́n ń fi okùn fà lọ sókè pẹ̀lú ènìyàn nínú. Bàbá ọmọbìnrin náà, ará Ìsẹ́yìn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ èbúté, ti ránṣẹ́ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ìtọrọ. Bó bá ti kọjá mẹ́wàá, kí á máa bá tiwa lọ. Ó ti lé ìdílé kan padà rí. Èmi ni wọ́n sì fi ṣe agbẹnusọ.

Fóònù tí mo fi ń pe Ògbómọ̀ṣọ́ lójoojúmọ́, n kò mọ bó ṣe ń gbé ohùn mi dé ibẹ̀, mo sì ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n fóònù kì í gbé mi sínú. Mo lọ bá àbúrò mi tó ń tún fìríìjì ṣe, pé kó là mí lóye. Ó ya okùn, ó ya irin, ó ya bíréèkì sẹ́yìn páálí.

"Bí okùn bá wá já ńkọ́?"

"Kì í já, Ẹ̀gbọ́n. Bó bá tilẹ̀ já, nǹkan kan wà tí yóò gbá a mú."

"Ẹni tó ṣe é gan-an bẹ̀rù, ó fi nǹkan dè é sílẹ̀. Kí lo ní kí èmi ṣe?"

Òye wọlé, ẹ̀rù sì di méjì.

Ọjọ́ pé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ ilé náà: ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀, àbúrò mi, èmi, pẹ̀lú iṣu, oyin, iyọ̀, àti apẹ̀rẹ̀ obì láti Anyama. Nílé tiwa, ẹrù ìtọrọ kì í ṣáájú agbẹnusọ, kì í sì í kẹ́yìn àgbà. Gbogbo wa há ara wa sínú asansẹ́ẹ̀ pọ̀. Ó figbe ta: pẹ́ẹ̀ẹ́n!

"Okùn ti ń já!" Mo ti fò jáde kí n tó sọ ọ́ tán. Ó dákẹ́. Mo padà wọlé, ó tún ké.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin ló ń lé o!"

Àbúrò mi tó mọ ìfun asansẹ́ẹ̀ ti fa túnáfíìsì, irin tí wọ́n fi ń tú ìdè ẹ̀rọ, yọ, ó ń wá ibi tó bàjẹ́. Ìṣẹ́jú ń lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tọ́ntọ̀n, ẹ̀yin bàbá, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ wúwo jù ni. Ó ní kí díẹ̀ bọ́ sílẹ̀."

Ọkùnrin yìí kò rí okùn náà rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo gbà pé a lè fi ìfun sílẹ̀ fún àwọn bí àbúrò mi, ká ṣáà mọ ohun tí igbe jẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò bọ́ sílẹ̀? Àṣà kò gbà á. Gbogbo wa wo ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Asansẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé àna. Ẹnu ọ̀nà wọn ni àṣà ti bẹ̀rẹ̀. Kí iṣu máa lọ, kó dúró dè wá níta."

Àbúrò mi kó iṣu gòkè. Àpótí padà wá, àwa mẹ́ta wọlé, mo di ojú, mo di apá agbádá ẹ̀gbọ́n mi mú, mo ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Ó dúró. Iṣu ń dè wá lẹ́nu ọ̀nà, a to ara wa bó ti yẹ, mo kanlẹ̀kùn.

Bàbá ọmọ náà ṣílẹ̀kùn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀: ó ku ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní, ó sì yà fún wa.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ìyàwó ní agbẹnusọ yìí mọ ọ̀wọ̀ àna. Ọ̀wọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kì í mì dùn mọ́ mi láyà, n kò tètè dìde.