Ìkíni Ojú Ewé Méjì Tó Dé Ilé Aṣòfin Òkè Òkun

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní kí n wá ṣe ní Bódìjà. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, mi ò tíì kúrò. Kí n tó débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, iwájú géètì yunifásítì, ni mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Ó dá mi lójú nígbà náà pé kò sí ohun tí ẹnu lè sọ tí ìka mi ò lè tẹ̀. Ẹ má dá mi lóhùn, ọmọdé ló ń ṣe mí.

Ọ̀gá tó gbà mí, Bàbá Ajíbádé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Bírò pupa wọn kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, àfi bí wọ́n bá ń kọrin nínú kúáyà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kò ju yàrá méjì lọ, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta táìlì nísàlẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ò le: bí iléeṣẹ́ kan bá ń ba àdúgbò jẹ́, tí ìjọba ò sì dá ará àdúgbò lóhùn, a ó kàn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ilẹ̀ mìíràn, àwọn náà á sì lọ bá ẹni tí ìjọba wa ò lè ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá a máa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Tèmi ni pé kí n gba ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sílẹ̀ ní Yorùbá, kí n sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka, mo gbọ́dọ̀ ka Gẹ̀ẹ́sì náà padà fún wọn ní Yorùbá, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Kíkà padà là ń pe ìyẹn. Bàbá ò fi ṣeré rárá.

Ọdún kẹta tí mo débẹ̀ ni Àlàájà Sínótù kó obìnrin mọ́kànlá lẹ́yìn wá. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì dé Ìwó Road, wọ́n tún wọ òmíràn wá bá wa. Iléeṣẹ́ kan ń yọ́ òjé inú bátìrì ògbólógbòó lẹ́yìn ilé wọn, ní àdúgbò kan tí mi ò ní dárúkọ. Èéfín rẹ̀ ń wọlé bá wọn, eérú rẹ̀ ń bà sórí aṣọ tí wọ́n sá, ó ń bà sínú kànga. Mọ́ríámọ̀, ọmọ ọmọ Àlàájà, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ti ń dá ìwé kà tẹ́lẹ̀, wá di ẹni tó ń gbàgbé orúkọ àbúrò rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀. Dókítà ní bí èéfín náà bá dúró, ọmọ náà ṣì lè bọ̀ sípò, àmọ́ bí kò bá dúró, òun ò lè ṣèlérí.

Àlàájà ò níbòmíràn tí wọ́n lè kó lọ. Iléeṣẹ́ náà sì ti ń tọrọ àṣẹ láti kọ́ ìléru kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn obìnrin yìí ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó yẹ kó dá sí i, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ni wọ́n ń kó bọ̀ wálé.

A pe Ẹfúà, obìnrin Gánà kan tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lé irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ fi ìjọba yín sílẹ̀ ná. Ta ló ń ra òjé náà?"

Iléeṣẹ́ bátìrì mọ́tò kan ní Yúróòpù ló ń rà á. Ẹfúà mú wa mọ Hana, ajàfẹ́tọ̀ọ́ lọ́hùn-ún, Hana sì mọ obìnrin aṣòfin kan tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá iléeṣẹ́ bátìrì náà fún Ọjọ́bọ̀. Hana bá wa ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí a má bínú, aṣòfin náà ìbá wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ṣubú tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Mo túmọ̀ ìyẹn wàrà fún Àlàájà tí wọ́n jókòó tì mí, mo sì gbàgbé ẹ̀. Lẹ́tà ló jẹ mí lógún: ojú ewé kan péré, kó dé kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Wẹ́sidé.

Láàárọ̀ Wẹ́sidé, Àlàájà jókòó, wọ́n tún ìborùn ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Kí n ṣe "ẹ kú" wo ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbà mí? Mo ń làágùn.

"Kọ ọ́ pé a kí ìyá aṣòfin," ni wọ́n wí. "A gbọ́ pé wọ́n ṣubú. Ṣé orúnkún ti ń gbé wọn dìde? Kí wọ́n má jókòó sójú òtútù, kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jó o."

"Àlàájà, lẹ́tà òjé mà ni."

"Ta ló ní kì í ṣe ti òjé? Ṣé bó o ṣe máa ń wọ ilé onílé nìyẹn, láìkí wọn?"

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ òjé máa fi bẹ̀rẹ̀, ìkíni ti gba ojú ewé méjì. Bàbá Ajíbádé fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ sí gbogbo ẹ̀ lórí. Wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, ojú ewé kan. Àwọn ẹni ẹlẹ́ni yẹn ò ráyè."

Ojú wá ń tì mí láti sọ fún Àlàájà. Mo bá ṣe lẹ́tà méjì. Mo ka èyí tó gùn padà fún wọn, wọ́n tẹ̀ka sórí ìwé ọ̀tọ̀, ọkàn mi sì ni pé èyí tó kúrú ni màá so ìtẹ̀ka náà mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n súre fún mi, wọ́n lọ. Ìwà jìbìtì ni, mo gbà.

Bí wọ́n ṣe lọ ni iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ń kú lọ, aago mẹ́rin ń kanlẹ̀kùn, Bàbá dúró sí mi lẹ́yìn ọrùn. Mo so lẹ́tà mọ́ ímeèlì, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ìgbà náà ni mo wá wo orúkọ ohun tí mo so. Èyí tó gùn ni. Orúnkún ìyá aṣòfin, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, gbogbo ẹ̀ pátá ti ré kọjá òkun. Mo pe Hana, kò gbé e. Bàbá fi bírò wọn sápò. Wọ́n ní, "O ti pa wá," wọ́n sì jókòó. Ìbẹ̀rù ọjọ́ náà, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ojú Mọ́ríámọ̀ ni mò ń rí ṣáá.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Hana pè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, mi ò mọ èyí tí màá dáhùn. Ó ní aṣòfin náà ka lẹ́tà wa jáde látòkèdélẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi orúnkún, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tó ka ti Mọ́ríámọ̀ tán, ó kọjú sí ọ̀gá iléeṣẹ́ bátìrì, ó ní, "Àwọn obìnrin yìí béèrè ìyá mi. Ìwọ tó ń ra òjé wọn, o ti béèrè ọmọ wọn rí?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, iléeṣẹ́ bátìrì náà kọ̀wé pé àwọn ò ra òjé níbẹ̀ mọ́ àyàfi bí ìjọba wa bá yẹ ibẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì "ẹ padà wá" fúnra wọn pè wá: ìgbà wo ló máa rọ̀ wá lọ́rùn kí àwọn wá? Mo ní kí wọ́n tún un wí, kí Bàbá lè gbọ́. Àgbà kúáyà jó yí tábìlì po. Èmi rẹ́rìn-ín nínú takisí láti Bódìjà títí dé Mọ́kọ́lá, awakọ̀ ń yọ́jú wò mí nínú díńgí. Wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò lóòótọ́, wọ́n ti ìléru náà pa, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kú sínú fáìlì.

Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo o. A ti kọ ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Bàbá ò fi bírò pupa kan ìkíni mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí Àlàájà. Ìtìjú ọjọ́ náà ṣì wà nínú mi, mo bá tú u sílẹ̀: èyí tó kúrú ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́, ọwọ́ mi ló ṣì.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́ ilá lọ. "Bó o ṣe ń ka ìkíni padà fún wa, o ò wojú mi. Ìgbà tó o dé ibi òjé lo tó gbójú sókè."

"Ẹ wá tẹ̀ka?"

"Mo tẹ̀ka. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì ń bẹ Ọlọ́run títí dé Ìwó Road pé kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣì."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ̀wé sí aṣòfin, àwọn fẹ́ béèrè orúnkún yẹn. Mọ́ríámọ̀, tó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ní òun á kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé gbogbo ilé kí wọn, ó sì ń to orúkọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ. Ojú ewé méjì gbáko ni, mi ò sì gé ọ̀rọ̀ kan kúrò.