Okùn Kọkànlélógún

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ba ọ̀gá ilé-ìwé lórí ni wọ́n kọ́kọ́ ń rántí tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé aránṣọ tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Baba Ẹ-Dì-Í-Mú. Òun ló fi aṣọ àwọn agbòjò tó ti bàjẹ́ rán aṣọ ràbàtà kan fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n á yí i ká, wọ́n á jọ gbé e sókè, bọ́ọ̀lù á sì máa tàkìtì lórí rẹ̀. Bàbá ló ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fi í sílẹ̀. Lẹ́nu ariwo náà ni imú yún un. Ó fi í sílẹ̀, ó họ imú, bọ́ọ̀lù sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní kí wọ́n lọ bi imú òun.

Kí ló gbé bàbá àgbà dé àárín ọmọdé? Agídí ni. Ogún ọmọ ni kíláàsì náà ń gbà lọ́dún, ṣùgbọ́n okùn ìdìmú mọ́kànlélógún ni bàbá rán mọ́ etí aṣọ. Tíṣà wọn, ọmọ bàbá gan-an, kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ẹ ṣì í kà."

Bàbá ò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "N ò ṣì í kà. Ẹni kọkànlélógún ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Bàbá bá wọ bàtà, ó lọ di okùn náà mú fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ń lọ. Tí aṣọ bá fẹ́ sókè tí wọ́n fẹ́ sá wọ abẹ́ rẹ̀, bàbá á ti ṣáájú wọn débẹ̀. Orúnkún tí kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn ilé, kì í dùn ún níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń lọ sí kíláàsì tó kàn, òun nìkan ló ń tún tiẹ̀ kà.

Àsìkò ìsinmi ni ikú mú un lọ. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, ibi okùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, gbogbo bọ́ọ̀lù ń gba ibẹ̀ yí jáde. Tíṣà mú àlùmọ́gàjí láti gé okùn náà, kó ṣẹ́ etí aṣọ wọlé. Àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

Ọmọ tó kéré jù fa yẹ̀rì rẹ̀. "Tíṣà, ẹ má gé e. Bàbá ní ẹnì kan ń bọ̀."

Ọ̀gá ilé-ìwé wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wá di okùn náà mú. Wọ́n gbé aṣọ sókè, ó sì dúró dáadáa.

"Imú ń yún mi," ọ̀gá sọ fún tíṣà, tẹ̀rín tomijé. "Ṣùgbọ́n n ò ní fi í sílẹ̀."