Ìyá Mi Tí Wọ́n Wá Kí Ní Bàbá

Òórùn òjé tó ń yọ́ ni mo fi mọ ìyá mi kí n tó mọ òórùn ọbẹ̀ rẹ̀. Nílé wa ní Jàpárá, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, yàrá kan wà tí a kì í wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ìyá mi, tó ń ṣe tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè, gbé rédíò rẹ̀ sí. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí tí èèyàn fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókèèrè ni, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó láti inú àlòkù rédíò àwọn sójà, òjé yíyọ́ ló fi ń lẹ wáyà inú rẹ̀ pọ̀. Bàbá rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní pósọ́fíìsì ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìró tẹ ọ̀rọ̀ dípò ohùn ẹnu, tì-tì-tàà, láti kékeré. Iṣẹ́ kọ́ ló fi ń ṣe, ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún un wà lára ògiri.

Bàbá mi, tó ń wa lọ́rí agbégẹdú, a máa tú bátìrì lọ́rí náà wá fún un bó bá ti dé, kó lè fi tan rédíò náà. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ló máa ń kùn pé, "Ìyàwó tó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀!" Ojú a máa tì mí. Mo wá purọ́ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọbabìnrin ìlú òyìnbó ni ìyá mi ń bá sọ̀rọ̀, mo sì ń yan kiri bí ọmọ ààfin.

Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ jù ni ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìwópin, létí ọ̀sà, tóun náà ní irú rédíò bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí ara wọn rí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tẹ̀ síra wọn.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìjì já wáyà orí òrùlé wa tí rédíò náà fi ń gba ọ̀rọ̀, bí ọkùnrin náà ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ìyá mi gbọ́ kó tó já ni pé ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, olóbì ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nọ́ọ̀sì ti rìnrìn àjò, omi sì ń ru débi pé ọkọ̀ kankan ò lè ṣí. Ìyá mi ní kí bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ sáré lọ gbé dókítà wá, torí bátìrì lọ́rí wà lára rédíò. Òun fúnra rẹ̀ di ìró mọ́dìí, ó gbé àkàsọ̀.

Ìyá àgbà figbe ta. "Obìnrin gun òrùlé! Kí laráyé máa wí?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àkàsọ̀ mú. Obìnrin kan ń kú lọ ní Ìwópin."

Ìyá àgbà sún mọ́ ibẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì di àkàsọ̀ mú nínú òjò. Èmi fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí àwọn aládùúgbò ń wò wá.

Dókítà dé bí wáyà ṣe padà sípò. Ó ní, "Kí wọ́n máa fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ ìdodo títí yóò fi le. Kí wọ́n gbé ọmọ sí i lọ́mú." Ìyá mi tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì. Nígbà tí ìdáhùn dé, ìyá mi kà á síta fún wa: "Ẹ̀jẹ̀ ti ń dá." Ìyá àgbà ní, "Alihamudulilahi," ó bú sẹ́kún. Bílẹ̀ ti mọ́, omi rọlẹ̀, wọ́n fọkọ̀ gbé ìyàwó náà lọ sílé ìwòsàn ní Ẹpẹ́.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ọmọ ọwọ́ wọlé wa pẹ̀lú agbọ̀n ẹja yíyan. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú bàbá mi. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀yin lẹ gba ìyàwó mi là."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Èmi kọ́ o. Ẹ yíjú síbẹ̀." Ìyá mi wà nídìí ààrò, ó ń fẹ́ iná.

Ọkùnrin náà lanu. "Ẹ̀yin ni, mà? Gbogbo ọdún yìí, sà ni mò ń pè yín!"

"Ẹ ò bi mí léèrè rí," ni ìyá mi wí, ó sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá mi ti lọ báyìí, fóònù sì wà lápò oníkálukú. Mi ò mọ tì-tì-tàà kankan tẹ̀. Ó gbìyànjú láti kọ́ mi, orí mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pè mí, mo máa ń jókòó kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Bí mo bá sì pe ẹnì kan tí kò dáhùn, mo máa ń tún un pè.